Máàpù wo ni kí ẹ mú? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí etí òkun Èkó àti Ìlàjẹ wà tẹ́lẹ̀

Ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ ní Okun Alfa, létí òkun Lẹ́kkí ní Èkó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ̀wé lórí Bar Beach, etí òkun Victoria Island ní Èkó. Ọmọ Ayétòrò kan, ìlú àwọn Ìlàjẹ létí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, fẹ́ fi han ìjọba pé òkun ti gbé àdúgbò bàbá òun lọ. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: níbo ni òkun dé nígbà náà, níbo ló dé báyìí? Ṣùgbọ́n máàpù tí yóò dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn kò ní ran ọmọ Ayétòrò lọ́wọ́, èyí tó sì wúlò fún ọmọ Ayétòrò kò ní sọ ohunkóhun fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹnu ọ̀sà Èkó ṣe rí kí òyìnbó tó kó òkúta sínú omi.

Mo máa ń rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹnì kan á mú máàpù àtijọ́ tó lẹ́wà, èyí tí wọ́n ya ọkọ̀ onígbòkun àti ẹja ńlá sínú omi rẹ̀, á tẹ́ ẹ lé àwòrán Google Earth, á wá kéde pé òkun ti jẹ kìlómítà márùn-ún lára ilẹ̀ wa. Irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ń pa àwọn tí òkun ń jẹ ilé wọn lóòótọ́ lára. Bí wọ́n bá mú ẹ̀rí tiwọn jáde, wọ́n á kà á mọ́ àsọdùn. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká fara balẹ̀ yan máàpù nìyẹn.

Ibi tí a ó ti dán wọn wò: ẹnu ọ̀sà Èkó

Ìgbì tó ń lu etí òkun wa láti Gánà títí dé Èkó máa ń wá láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó sì ń wọ́ yanrìn lọ sí ìlà oòrùn láìsinmi. Àwọn onímọ̀ fojú díwọ̀n yanrìn tó ń kọjá níwájú Èkó lọ́dún kan sí bíi 500,000 sí 1,000,000 kúbíìkì mítà. Yanrìn yìí ló ń dí ẹnu ọ̀sà láyé ọjọ́un. Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Ẹrù Èkó á dúró ní Forcados, ọkọ̀ kéékèèké á lọ gbé e wá. Ní 1908 ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta sínú omi, òkúta tí rélùwéè gbé wá láti ìhà Abẹ́òkúta. Wọ́n fi mọ ògiri kan sí apá ìlà oòrùn ẹnu ọ̀sà, wọ́n mọ èkejì sí apá ìwọ̀ oòrùn.

Ọ̀nà là fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n yanrìn kò rí ọ̀nà kọjá sí ìlà oòrùn mọ́. Ní ìwọ̀ oòrùn, níbi tí Lighthouse Beach wà, yanrìn ń kó jọ, ilẹ̀ ń gbòòrò. Ní ìlà oòrùn, ní Bar Beach, òkun ń kó yanrìn lọ, kò sì sí èyí tó ń wá rọ́pò rẹ̀. Lẹ́bàá ògiri ìlà oòrùn, etí òkun sún wọlé ju kìlómítà kan lọ láàárín àwọn ẹ̀wádún tó tẹ̀ lé e. Ìjọba ń da yanrìn sí i léraléra, omi sì ń gbé e lọ. Ní Oṣù Kẹjọ 2012, ìgbì ya bo etí òkun Kúrámọ̀ ní Victoria Island, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 2009, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi yanrìn kún òkun fún Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n ṣètò pé ògiri rẹ̀ yóò gùn tó kìlómítà 8.5. Àwọn tó ń kọ́ ọ sọ pé ilẹ̀ tí òkun gbé lọ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ń gbà padà. Àwọn ará Okun Alfa, tí wọ́n wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, ń ké pé òkun ń jẹ ìlú àwọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí máàpù lè dán wò ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Èwo nínú wọn ló lè ṣe é?

Máàpù àwọn òǹtẹ̀wé Yúróòpù àtijọ́ àti máàpù àwọn ọmọ ogun ojú omi

Àwọn ará Pọtogí ti ń gba etí òkun wa kọjá láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Láti ìgbà náà ni ọ̀sà wa ti wà lórí máàpù wọn, tí wọ́n sì kọ Curamo sí i lára. Bí ẹ bá ń wá orúkọ ibi, tàbí ẹ fẹ́ mọ ìlú tí àwọn oníṣòwò gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ẹ mú máàpù wọ̀nyí, kò sí ohun tó dára jù wọ́n lọ. Ẹ má fi wọ́n wọn nǹkan kan. Títí di ọ̀rúndún kejìdínlógún, atukọ̀ kò ní aago tó ṣe é gbára lé lójú òkun, nítorí náà kò lè mọ bí òun ṣe jìnnà tó sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn dáadáa. Gbogbo etí òkun láti Gánà dé Kalabá lè wà nínú ààyè tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn òǹtẹ̀wé ní Amsterdam àti Paris sì ń ṣe àdàkọ lára ara wọn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún kan lè jẹ́ ìròyìn atukọ̀ tó ti kú tipẹ́.

Máàpù ojú omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Admiralty chart yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n dá ọ́fíìsì tó ń ṣe é sílẹ̀ ní 1795. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn ń lé àwọn tó ń kó ẹrú, tí wọ́n fi ìbọn ńlá lu Èkó ní 1851, tí wọ́n sì gbà á ní 1861, ẹnu ọ̀sà yìí ṣe pàtàkì sí wọn gan-an. Ẹni tó bá ṣi ibú omi kọ, ọkọ̀ á rì, ènìyàn á kú. Ìyẹn ni mo fi gbà wọ́n gbọ́ ju àwọn òǹtẹ̀wé lọ. Wọ́n á so òjé mọ́ okùn, wọ́n á jù ú sísàlẹ̀, wọ́n á kọ ibú rẹ̀ ní fátọ́ọ̀mù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.83. Nítorí náà kì í ṣe etí òkun nìkan ni máàpù náà fi hàn yín, ó fi òkìtì yanrìn tó wà lábẹ́ omi náà hàn, ibi tí òkìtì yẹn sì wà kí ògiri 1908 tó dé jẹ́ ìdajì ìtàn Bar Beach.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi yé ara wọn: máàpù kan ṣoṣo lè dára ní ibì kan, kó má dára ní ibòmíràn lórí ìwé kan náà. Ní ẹnu ọ̀sà, àwọn awọnlẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, wọ́n fi irin iṣẹ́ wo igun. Bí ẹ bá tẹ̀ lé etí òkun náà lọ sí Lẹ́kkí, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, inú ọkọ̀ tó dúró jìnnà ni wọ́n ti ń wo igi lókèèrè, wọ́n sì fa ìlà kọjá. Ìlà kan náà, yíǹkì kan náà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tó yẹ kí ẹ ní nínú wọn kò dọ́gba. Ẹ wo bí nọ́ńbà ibú omi ṣe pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òkun: ibi tí nọ́ńbà ti ṣù, wọ́n dé ibẹ̀, ibi tó ti fọ́nká, wọ́n kàn kọjá ni.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àkọlé. Ọdún tí wọ́n wọn ibẹ̀ wà níbẹ̀, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sì wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Méjèèjì lè fi ogójì ọdún jìnnà síra. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1920 lè máa gbé etí òkun 1880 kiri. Ọdún ìwọ̀n ni kí ẹ mú, kì í ṣe ọdún ìtẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọ̀sà, kì í ṣe ti òkun

Ọ̀nà kúkúrú ni mo fẹ́ gbà kọjá níbí. Etí ọ̀sà inú Èkó yí padà nípa ọwọ́ ènìyàn, kì í ṣe nípa ìgbì. Wọ́n kún ọ̀sà Ìdúmàgbò. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi yanrìn kún iwájú Marina láti la ọ̀nà. Fún èyí, ètò ìlú ni kí ẹ wá, bíi ti 1885 tí W. T. G. Lawson yà, ẹni tó jẹ́ awọnlẹ̀ fún ìjọba Èkó nígbà náà. Ó fi òpópónà àti etí omi hàn ní ìwọ̀n tó tóbi tó láti rí bí Marina ṣe kan omi. Kò wúlò fún Bar Beach. Ìlú ló ń yà, òkun kò kàn án.

Máàpù ilẹ̀ ìjọba tàbí fọ́tò inú bàálù?

Yíyàn yìí ló ṣòro jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń jà fún ilẹ̀.

Máàpù ilẹ̀ ìjọba Nàìjíríà tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:50,000 rọrùn láti rí, ó ní orúkọ abúlé, odò, ọ̀nà àti ilé ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n yà láti inú fọ́tò tí bàálù yà lókè. Ẹ ṣírò rẹ̀: mìlímítà kan lórí ìwé yẹn jẹ́ àádọ́ta mítà lórí ilẹ̀. Ìlà etí òkun tí yíǹkì fà nìkan lè fẹ̀ tó ogún mítà. Bí òkun bá ti jẹ igba mítà, yóò hàn. Bí ó bá jẹ mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ẹni tó lè fi máàpù yìí jẹ́rìí sí i, bó ti wù kó jẹ́ òtítọ́ tó.

Fọ́tò inú bàálù fúnra rẹ̀ ga jù ú lọ nípa èyí. Ó ń fi ilé kọ̀ọ̀kan hàn, igi àgbọn, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fà gòkè, ibi tí yanrìn tútù ti pín pẹ̀lú yanrìn gbígbẹ. Fọ́tò kò sì yan ohun tí yóò fi hàn. Máàpù ń yàn. Ẹ wo Maroko, àdúgbò ńlá tí ìjọba ológun wó ní Oṣù Keje 1990, tí wọ́n lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kúrò níbẹ̀. Máàpù tuntun kò ní sọ fún yín pé àwọn ènìyàn gbé ibẹ̀ rí. Fọ́tò tí bàálù yà kí wọ́n tó wó o yóò fi òrùlé wọn hàn. Fún ìdílé tí òkun tàbí ìjọba ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, èmi yóò mú fọ́tò ṣáájú máàpù nígbàkúùgbà.

Àléébù fọ́tò ni pé kámẹ́rà máa ń yí ẹ̀gbẹ́ àwòrán po díẹ̀, kò ní orúkọ kankan lára, ó sì gba ẹni tó mọ iṣẹ́ láti so ó mọ́ ilẹ̀ dáadáa. Ó tún ṣòro láti rí. Bí owó kò bá tó láti gba méjèèjì, ẹ mú fọ́tò, kí ẹ yá máàpù wò fún orúkọ.

Àwòrán láti òkè ọ̀run: kò sí èyí tó ṣáájú 1960

CORONA ni àwòrán tí sátẹ́láìtì ayọ́lẹ̀wò Amẹ́ríkà yà láàárín 1960 àti 1972. Ìjọba wọn tú u sílẹ̀ fún aráyé ní 1995. Èyí tó dára jù nínú rẹ̀ lè fi ohun tó tó mítà méjì hàn. Àwọn ènìyàn wa kì í sábà rántí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń bọ́ sí àlàfo tó wà láàárín fọ́tò bàálù àti sátẹ́láìtì ìgbàlódé. Ẹ lè wá a lórí EarthExplorer, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ti USGS, àjọ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ẹ wò bóyá ìkùukùu kò bo ibi tiyín.

Landsat, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán ilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ó sì di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní 2008. Láti àwọn ọdún 1980, àmì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n mítà ní ìbú àti ní òró. Bí òkun bá ń jẹ mítà mẹ́wàá lọ́dún, ọdún kan kò ní hàn, ọdún mẹ́wàá yóò hàn kedere. Agbára rẹ̀ ni pé ó ń padà wá sí ibi kan náà ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ ṣọ́ra fún ti Landsat 7 lẹ́yìn Oṣù Karùn-ún 2003, ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, ìlà dúdú sì wà nínú àwòrán rẹ̀. Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, dín àmì náà kù sí mítà mẹ́wàá. Fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí ní Okun Alfa, òun ni mo fara mọ́.

Google Earth ńkọ́? Ó dára láti bẹ̀rẹ̀. Timelapse rẹ̀ ń fi ayé hàn láti 1984, ẹ ó sì rí bí Eko Atlantic ṣe yọ nínú omi. Ṣùgbọ́n àkópọ̀ ọ̀pọ̀ àwòrán inú ọdún kan ni Timelapse, ẹ kò lè sọ ọjọ́ tàbí wákàtí tí òkun wà níbi tó wà. Ẹ lò ó láti mọ ọdún tó yẹ kí ẹ wá, kí ẹ wá lọ gba àwòrán gidi ti ọdún náà.

Ohun mẹ́ta tó lè mú kí òkun dà bí ẹni pé ó rìn

Èkíní ni ìpìlẹ̀ ìwọ̀n, ìyẹn ohun tí wọ́n gbé nọ́ńbà gbogbo ibi orí máàpù kà. Máàpù ilẹ̀ Nàìjíríà àtijọ́ dúró lórí èyí tí wọ́n ń pè ní Minna; fóònù yín ń lo WGS84. Bí ẹ bá mú nọ́ńbà láti orí ọ̀kan lọ sórí èkejì láìyí i padà, ní agbègbè Èkó ẹ ó ṣìnà tó bí ọgọ́rùn-ún mítà. Mo gbà pé púpọ̀ nínú “òkun ti jẹ ọgọ́rùn-ún mítà” tí a ń gbọ́ ti inú èyí wá. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ mú ohun tí kò kúrò lójú kan, tó wà lórí méjèèjì, kí ẹ fi so wọ́n pọ̀: ìdí ògiri òkúta ẹnu ọ̀sà, oríta àtijọ́, ilé ìjọsìn ńlá tó wà ní Marina. Ní Ayétòrò èyí nira, nítorí ohun gbogbo tó wà létí omi ló ti lọ. Ibẹ̀, ẹ wá ibi tí odò ti tẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú.

Èkejì ni omi tó ń kún àti omi tó ń fà. Etí Bar Beach dagẹ̀rẹ̀ gan-an, nítorí náà bí omi bá fà, etí rẹ̀ kò sún jìnnà. Etí òkun Ìlàjẹ jẹ́ ẹrẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bí omi bá fà níbẹ̀, ẹrẹ̀ púpọ̀ yóò yọ síta, àwòrán sátẹ́láìtì tí wọ́n yà ní wákàtí yẹn yóò sì dà bí ẹni pé ilẹ̀ ti gbòòrò. Landsat máa ń kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ṣùgbọ́n omi lè kún tàbí kó fà ní aago náà. Nítorí èyí, fún Ìlàjẹ, àwòrán méjì kò tó rárá. Ẹ kó bíi mẹ́wàá láti inú ọdún mélòó kan, kí ẹ wo ibi tí púpọ̀ nínú wọn forí lé.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà ọdún. Ìgbì ìgbà òjò lágbára, ó ń kó yanrìn lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń dá díẹ̀ padà. Ẹ má fi Oṣù Keje wé Oṣù Kejìlá.

Èyí tí mo máa mú

Fún ọ̀rọ̀ Eko Atlantic, bóyá ilẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń gbà padà, máàpù ojú omi tí wọ́n wọn kí ó tó di 1908 ni kí ẹ mú, pẹ̀lú máàpù 1:50,000 ti àwọn ọdún 1960 àti Sentinel-2 ti ọdún yìí. Kò sí èyí tó lè rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń fi Google Earth nìkan jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì rí etí òkun tí wọ́n ń sọ.

Fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Lẹ́kkí tàbí Okun Alfa, máàpù ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ní ràn yín lọ́wọ́, ìlà tí wọ́n wò lókèèrè ni. Landsat láti àárín àwọn ọdún 1980 títí di 2015, kí Sentinel-2 sì gbà á níbẹ̀, yóò fi bí òkun ṣe ń yára hàn yín. Ẹ wò ó kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì rántí pé ìwé sọ̀fè tí wọ́n bá fún yín kò sọ ohun tí òkun yóò ṣe.

Fún Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947, fọ́tò bàálù ni ẹ̀rí tó lágbára jù, nítorí ilé ni ẹ fẹ́ fi hàn. CORONA tẹ̀ lé e, Landsat lẹ́yìn náà. Ẹ fi GPS kọ ibi tí ilé ọba, ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ tó ṣẹ́ kù wà sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i.

Fún àwọn ará wa ní Benin àti Togo, ìtàn náà jọra: èbúté Cotonou ṣí ní 1965, ti Lomé ní 1968, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìlà oòrùn àwọn méjèèjì, títí kan Aného. Níbẹ̀, máàpù 1:200,000 ti IGN, iléeṣẹ́ máàpù ìjọba ilẹ̀ Faransé, pọ̀, ṣùgbọ́n mìlímítà kan rẹ̀ jẹ́ igba mítà. Ẹ bi wọ́n léèrè fọ́tò bàálù tí wọ́n fi yà á.

Ibi tí ẹ ó ti rí wọn

Máàpù àwọn òǹtẹ̀wé àtijọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí David Rumsey Map Collection, lórí Gallica, ojúlé ilé ìkàwé ìjọba ilẹ̀ Faransé, àti ní Library of Congress ti Amẹ́ríkà. Ti ojú omi wà ní Taunton, ní ilé ìpamọ́ UK Hydrographic Office, àwọn míì sì wà ní The National Archives ní Kew. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Britain lè bá àwọn ará ilé lọ wò ó. Máàpù ilẹ̀ àti fọ́tò bàálù, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ yín. National Archives tó wà ní Ìbàdàn ní ìwé ìjọba amúnisìn, tí ètò àti máàpù máa ń wà láàárín wọn.

Nínú lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí wọn, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n wọn etí òkun náà, òṣùwọ̀n rẹ̀ àti ìpìlẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ béèrè kí wọ́n ya gbogbo ìwé náà, títí dé ibi tí àkọlé àti ìsàlẹ̀ wà, nítorí àwọn tó ń ya àdàkọ máa ń gé e kúrò. Bí wọn kò bá lè sọ ọdún tí wọ́n wọn ín, ẹ mú òmíràn.